Ẹmu Lẹ́nu Ẹni Tí Ó Mọ̀ Ọ́n: Ìtàn Ìtọ́wò ní Àwọn Abúlé Àyíká Ìbàdàn



Ní ọdún 1855, nígbà tí Napoleon Kẹta ń ṣe ìpàtẹ ọjà àgbáyé ní ìlú Paris, a ní kí àwọn alágbàtà wáìnì ti Bordeaux to àwọn wáìnì pupa agbègbè wọn ní ipò-ipò. Ipò márùn-ún ni wọ́n pín wọn sí. Mẹ́rin péré ni ó bọ́ sí ipò kìíní: Lafite, Latour, Margaux àti Haut-Brion. Ìwé kékeré náà kò tí ì kú di òní olónìí. Láti ìgbà náà, ẹyọ kan ni a tún rí tí ó gòkè sí ipò kìíní, èyí ni Mouton, tí ìjọba Faransé gbé kúrò ní ipò kejì ní ọdún 1973. Ohun tí ó yẹ kí òpìtàn kíyè sí ni pé kì í ṣe ife wáìnì ni àwọn alágbàtà náà gbé ka iwájú kí wọ́n tó to ìwé yìí. Iye owó tí wáìnì kọ̀ọ̀kan ti ń pa lọ́jà fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n wò. Ahọ́n àwọn tí wọ́n ti mu ún kọjá lọ, tí ọ̀pọ̀ wọn ti di ará ọ̀run, ni ó wà nínú iye owó náà.

Mo fi ọ̀rọ̀ àwọn Faransé bẹ̀rẹ̀ nítorí pé kò sí ẹni tí yóò bá mi jiyàn nínú gbọ̀ngàn yìí bí mo bá sọ pé ìmọ̀ ni títọ́ wáìnì pupa wò. A gbà bẹ́ẹ̀. A mọ̀ pé àwọn kan ń kọ́ ọ, pé a ń kọ ìwé nípa rẹ̀, pé ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n dáadáa ń jẹun níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí bàbá àgbàlagbà kan ní abúlé kan lẹ́yìn Lálúpọn bá gbé ahá sí ẹnu, tí ó dákẹ́ díẹ̀, tí ó wá sọ pé ẹmu yìí ti kúrò lórí ọ̀pẹ láti òru, pé wọ́n sì ti bu omi sí i lójú ọ̀nà, a óò rẹ́rìn-ín, a óò ní ọ̀mùtí ni bàbá. Iṣẹ́ tí mo gbé lé ara mi lónìí ni láti fi hàn pé ohun kan náà ni àwọn méjèèjì ń ṣe, pé ti bàbá wa ní ìtàn tirẹ̀, àti láti wádìí ìdí tí ìtàn náà kò fi sí nínú ìwé wa. Ìdí náà kò jìnnà lọ títí. Ọdún ni a fi ń ka ọjọ́ orí wáìnì Bordeaux. Wákàtí ni a fi ń ka ti ẹmu. Ohun tí ó lè dúró nínú ìgò fún ogójì ọdún lè dúró de akọ̀wé. Èyí tí a gbé sọ̀kalẹ̀ láàárọ̀ tí ó sì kan kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ẹnu ènìyàn nìkan ni ó lè gbé ìtàn rẹ̀.

Kí a kọ́kọ́ wo ilẹ̀ náà. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé ẹ̀bá ọ̀dàn ni Ìbàdàn, ibi tí igbó àti pápá ti pàdé. Nígbà tí àwọn jagunjagun tẹ̀dó síbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1829, tí ibùdó ogun náà sì di ìlú, àwọn olórí ogun bẹ̀rẹ̀ sí í gba ilẹ̀ oko yí ìlú ká, wọ́n sì kó ọmọ ogun àti ẹrú wọn síbẹ̀ láti máa dáko. Ọ̀pọ̀ abúlé tí a ń rí lónìí ní Akínyẹlé, ní Lágelú, ní Ẹgbẹ́dá àti ní Ọ̀nà-Àrà ni ó ṣẹ̀ láti inú irú oko bẹ́ẹ̀. Ọ̀pẹ kì í sì í ṣe igi igbó kìjikìji. Ibi tí ènìyàn bá ti ṣán, tí ó jó, tí ó gbìn, tí ó sì fi sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ ni ó fẹ́ràn láti hù. Nítorí náà, ẹni tí ó bá rí ọ̀pẹ tí ó pọ̀ níbì kan ní àyíká Ìbàdàn, kí ó mọ̀ pé ènìyàn ti gbé ibẹ̀ rí tàbí pé ó ti dáko níbẹ̀ rí. Ní ti èmi, mo ka ọ̀pẹ sí ìwé ìtàn tí kò ní lẹ́tà.

Epo pupa tí Ìbàdàn ń kó ránṣẹ́ sí Èkó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn òpìtàn wa sábà máa ń rántí bí a bá dárúkọ ọ̀pẹ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́láńlé Awẹ́ ti là wá lóye lórí ọrọ̀ ajé àwọn jagunjagun náà. Ṣùgbọ́n igi kan náà tí ó ń so ẹyìn ni ó ń sun ẹmu, àwọn méjèèjì kì í sì í fi ìgbà gbogbo bá ara wọn rẹ́. Bí a bá dá ẹmu lára ọ̀pẹ ní àdájù, ẹyìn rẹ̀ yóò dínkù. Ìdí nìyí tí òfin oko fi máa ń fi ọ̀pẹ sí ọwọ́ onílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi. Àgbẹ̀ tí ń san ìṣákọ́lẹ̀ lè gbin iṣu, ó lè gbin àgbàdo, ṣùgbọ́n kò lè pa igbà mọ́ ọ̀pẹ láìgba àṣẹ. Adẹ́mu náà ní ohun tí ó gbọ́dọ̀ máa fún onílẹ̀. Ẹmu kò fìgbà kan jẹ́ ohun tí ẹnikẹ́ni kàn ń bù mu bí omi odò.

Oríṣi ẹmu méjì ni a ní. Èkínní ni ti ọ̀pẹ gan-an. Èkejì ni ògùrọ̀, tí ń wá láti ara igi ògùrọ̀ tí ń hù ní àbàtà àti etí odò, tí a sì ń rí jù ní ìhà gúúsù àti ìlà-oòrùn, ní ọ̀nà Akànrán (Akànrán tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀ nítorí ìjà Àgbẹ́kọ̀yà ọdún 1968 sí 1969), ju ìhà Mọ́níyà lọ, níbi tí ilẹ̀ ti ń fà sí ọ̀dàn. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ní ayé rẹ̀ ni igi ògùrọ̀ ń yọ òdòdó, lẹ́yìn náà ó kú. Àkókò yẹn ni a sì ń dá a. Ọ̀pẹ ní tirẹ̀ lè wà lẹ́nu iṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Èwo ni ó dára jù nínú àwọn méjèèjì? Ìjà tí ó wà lórí èyí kò kéré sí èyí tí ó wà láàárín Bordeaux àti Burgundy, n kò sì ní bá wọn dá sí i.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí iṣẹ́ adẹ́mu, nítorí pé ẹni tí kò bá mọ̀ bí a ti ń dá ẹmu kò lè mọ ohun tí atọ́nìwò ń wá. Adẹ́mu á fi igbà gun ọ̀pẹ, á wá òdòdó akọ tí kò tí ì là, á gé orí rẹ̀, á fi ọparun wẹ́wẹ́ darí omi tí ń kán sínú agbè tí ó so mọ́ ọn. Ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́ ni ó gbọ́dọ̀ padà gòkè láti gba ohun tí ó ti sun, kí ó sì fi ọ̀bẹ mímú rẹ́ ojú ọgbẹ́ náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kí ó má baà dí. Bí ó bá rẹ́ ẹ nípọn jù, ó fi òdòdó náà ṣòfò; bí ó bá rẹ́ ẹ láìtó, ẹmu kò ní sun. Ẹ̀mí rẹ̀ wà lórí okùn ní gbogbo ìgbà náà. Kò sí abúlé kan tí kò rántí adẹ́mu tí ó já bọ́.

Nígbà tí omi náà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kán, ó mọ́, ó sì dùn bí oyin tí a là mọ́ omi. Kò tí ì di ẹmu. Ohun tí ó sọ ọ́ di ẹmu wà nínú agbè, lára ọparun àti nínú afẹ́fẹ́. Adẹ́mu tí ó gbọ́n kì í fọ agbè rẹ̀ mọ́ tónítóní bí kò bá ṣe ẹmu aládídùn ni oníbàárà rẹ̀ ń fẹ́. Ó máa ń jẹ́ kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ díẹ̀ kù sí ìdí rẹ̀, kí tuntun lè tètè bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Ẹmu àárọ̀ ti sun ní òru, nínú òtútù. Ẹmu ìrọ̀lẹ́ ti sun nínú oòrùn. Wọn kò lè rí bákan náà. Ti àkókò òjò máa ń lómi, ti ẹ̀ẹ̀rùn máa ń ki. Nígbà ọyẹ́, ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kí ó tó kan. Gbogbo èyí ni ẹni tí ó mọ ẹmu ní lọ́kàn kí ahá tó dé ọwọ́ rẹ̀.

Nígbà tí ó bá dé ọwọ́ rẹ̀ ńkọ́? Ojú ni ó kọ́kọ́ ń mu ún. Bí ẹmu bá mọ́ gaara, yálà ó tuntun jù tàbí omi ti wọ̀ ọ́. Bí ó bá funfun bí wàrà, tí ìfófó rẹ̀ wẹ́, tí ó sì ń tún ara rẹ̀ ṣe bí a ti ń fẹ́ ẹ sẹ́yìn, ara rẹ̀ le. Ìfófó ńláńlá tí ń tètè fọ́ kò jẹ́ ẹ̀rí ohunkóhun ju pé a mi kẹ́ẹ̀gì náà lójú ọ̀nà. Lẹ́yìn ojú, etí: àwọn àgbà máa ń gbé agbè sí ẹ̀gbẹ́ etí láti gbọ́ bí ó ti ń hó. Lẹ́yìn náà ni imú, tí ń mọ kíkan kí ahọ́n tó mọ̀ ọ́n. Ahọ́n ni ó kẹ́yìn, kì í sì í ṣe nígbà tí ẹmu wà lẹ́nu nìkan ni ó ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn tí a bá ti gbé e mì ni ìdájọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Níbẹ̀ ni a ti ń mú ẹlẹ́tàn. Àwọn kan wà tí ń bu omi sí ẹmu, tí wọ́n sì ń fi sákárìn dá adùn rẹ̀ padà. Adùn ti ẹmu gidi kì í pẹ́ lẹ́nu. Ó ń lọ, kíkan díẹ̀ ń tẹ̀ lé e. Adùn ti sákárìn á dúró sẹ́yìn ahọ́n, á sì korò nígbẹ̀yìn. Ẹni tí ó bá mọ èyí kò nílò ilé àyẹ̀wò kankan láti dá owó rẹ̀ padà sápò.

Ẹ tún kíyè sí àwọn ọ̀rọ̀ tí a fi ń ṣe ìdájọ́ náà. Ọ̀tọ̀ ni ẹmu tí ó dùn, ọ̀tọ̀ ni èyí tí ó kan, ọ̀tọ̀ ni èyí tí ó korò, ọ̀tọ̀ ni èyí tí ó mú, ọ̀tọ̀ sì ni èyí tí ó le. Ẹmu lè mú kí ó má tí ì kan. Ó lè kan kí ó má le mọ́. Èyí tí ó tẹ́ lẹ́nu ni gbogbo wọn jọ kórìíra, nítorí pé ẹni tí ó bá rí kíkan mọ̀ pé ẹmu ti wà níbẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ohun tí ó tẹ́, a kò mọ ohun tí a ó pè é. Adùn nìkan kò tó. Ẹmu tí kò ní ju adùn lọ, ti ọmọdé ni. Àgbà ń wá ibi tí adùn àti kíkan ti bá ara wọn dọ́gba, ibi yẹn kì í sì í ju wákàtí díẹ̀ lọ láàárín ọjọ́ kan. Mo ti ka ohun tí Emile Peynaud ti Bordeaux kọ ní ọdún 1980 nípa ìtọ́wò wáìnì, ọ̀rọ̀ ìdọ́gba yìí kan náà ni ó gba ọkàn rẹ̀, ìdọ́gba láàárín adùn, kíkan àti kíkorò. Kò tíì mu ẹmu wa rí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti Yunifásítì Ìbàdàn kò gbẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Olumbe Bassir ti ń ṣe ìwádìí lórí bí ẹmu ti ń hó, òun àti S. I. Faparusi sì tún gbé iṣẹ́ náà síwájú ní àwọn ọdún 1970. Ohun tí irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ fi hàn wá ni pé omi ọ̀pẹ máa ń ní ṣúgà tó bí 10 sí 12 nínú 100. Pé ìwúkàrà àti oríṣiríṣi bakitéríà jọ ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Pé àwọn wọ̀nyí ni ó ń sọ ohun tí ó mọ́ gaara di funfun, nítorí pé àwọn fúnra wọn ni ìfunfun náà. Pé kí ọjọ́ kan tó yí po, ọtí inú rẹ̀ lè ti tó 3 sí 5 nínú 100. Àti pé lẹ́yìn náà, àwọn bakitéríà mìíràn a gbà á lọ́wọ́ ìwúkàrà, wọn a sì sọ ọ́ di ọtí kíkan. Ẹ ò rí i pé ohun tí ojú, etí, imú àti ahọ́n àgbà ń kà ní tẹ̀léǹtẹ̀lé nìyí. Kò mọ orúkọ ìwúkàrà, ṣùgbọ́n ó mọ wákàtí tí ó ń bọ̀ àti wákàtí tí ó ń lọ.

Òye pé ẹmu ń yí padà lójoojúmọ́ kì í sì í ṣe ohun àná. Ní ọdún 1455, Alvise Cadamosto, ọmọ ìlú Venice tí ń bá àwọn Pọtogí ṣòwò, dé etí òkun Senegal. Ó mu ẹmu níbẹ̀, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ní ọjọ́ tí a gbé e sọ̀kalẹ̀ ó dùn gan-an, ṣùgbọ́n pé ojoojúmọ́ ni adùn náà ń dínkù tí kíkan sì ń wọlé. Ọmọ ilẹ̀ oníwáìnì ni, ẹnu rẹ̀ sì ti mọ ohun tí yóò wá. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ni ó fi kà á. Bí ó bá bá wa gbé ní Ẹ̀rúnmu fún oṣù kan, wákàtí ni ì bá fi kà á.

Mo wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan àwa òpìtàn. Ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba tí ó wà ní inú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn kún fún ọ̀rọ̀ ọtí. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ nípa jíìnì tí àwọn òyìnbó ń kó wọ Èkó kò ní ṣe aláìrí ohun kà. Ìdí ni pé owó orí ọtí líle láti ilẹ̀ òkèèrè ni ó gba apá tí ó pọ̀ jù nínú owó tí ìjọba ń pa ní etíkun gúúsù Nàìjíríà kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ́. Ní ọdún 1909 ìjọba yan ìgbìmọ̀ láti wádìí òwò ọtí náà. Ní ọdún 1919, àwọn orílẹ̀-èdè alágbára fọwọ́ sí àdéhùn ní Saint-Germain pé kí a dá ọtí líle olówó pọ́ọ́kú dúró, kí ó má wọ Áfíríkà mọ́. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ọlọ́pàá fi bẹ̀rẹ̀ sí í lé àwọn tí ń fi ẹmu ṣe ògógóró kiri inú igbó. Ẹmu fúnra rẹ̀ kò gba etíkun wọlé, kò san owó orí, kò sì pọn ojú ọlọ́pàá. Ohun tí kò san owó orí, akọ̀wé ìjọba kì í rí i. Bí ó bá tilẹ̀ rí i, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògógóró ni ó máa ń kọ ọ́ sí, bí ẹni pé ohun kan náà ni wọ́n. Wọn kì í ṣe ohun kan náà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, nígbà tí ògógóró tí ó ní methanol nínú pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní agbègbè Ìrèlè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ohun tí ó ba ni lẹ́rù jù níbẹ̀ ni pé ahọ́n kò lè mọ̀ ọ́n. Ẹmu máa ń fi àléébù rẹ̀ hàn fún ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n. Ohun tí a bá ti fi iná sè tán lè fi tirẹ̀ pa mọ́.

Ìdí kejì wà tí ìwé fi dákẹ́, òun ni ó sì dùn mí jù. Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Bíbélì, iṣẹ́ tí ó parí di odindi ìwé ní ọdún 1884, wọ́n ní láti wá orúkọ fún ohun tí Nóà mu àti ohun tí Jésù sọ omi dà ní Kánà. Ẹmu wà nílẹ̀. Wọn kò lò ó. Ọtí-wáìnì ni wọ́n kọ. N kò dá wọn lẹ́bi, nítorí pé èso àjàrà kì í ṣe ọ̀pẹ, olùtumọ̀ tí ó bá sì bẹ̀rù àṣìṣe yóò fi ọ̀rọ̀ àlejò sílẹ̀ bí ó ti wà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ti ibẹ̀ jáde. Wáìnì gba orí tábìlì mímọ́, ẹmu kù sí ìdí òrìṣà àti abẹ́ igi. Ní ìdí òrìṣà náà gan-an, kì í ṣe gbogbo ojúbọ ni ó gbà á: ìtàn tí gbogbo wa mọ̀ sọ pé ẹmu ni Ọbàtálá mu yó lójú ọ̀nà tí Odùduwà fi gba iṣẹ́ dídá ilẹ̀ ayé lọ́wọ́ rẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn olórìṣà rẹ̀ kì í fi í mu ún. Ẹ̀sìn Mùsùlùmí, tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Ìbàdàn àti ní gbogbo oko rẹ̀, kò gba ọtí kankan láyè. Àwọn ìjọ Aládúrà náà kò gbà á. Nítorí náà, ọmọwé tí ó bá jókòó láti kọ ìtàn abúlé bàbá rẹ̀ á kọ nípa ogun, á kọ nípa kòkó, á kọ nípa ilé-ìwé àti ìjọ. Bí ó bá dé orí ẹmu, ojú a máa tì í.

Ẹni tí ojú kò tì ni Amos Tutùọlá, ọmọ Abẹ́òkúta, tí ó lo ọ̀pọ̀ nínú ọjọ́ ayé rẹ̀ ní Ìbàdàn níhìn-ín. Nígbà tí àwọn Faber gbé ìwé rẹ̀ *The Palm-Wine Drinkard* jáde ní London ní ọdún 1952, inú bí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé wa. Wọ́n ní ó fi wá hàn bí ọ̀mùtí tí kò mọ èdè. Èrò tèmi ni pé wọn kò ka ohun tí ó wà nínú ìwé náà. Kí ni ó gbé ọkùnrin yìí dìde tí ó fi dorí kọ ìlú àwọn òkú? Ó ní oko tí ọ̀pẹ inú rẹ̀ jẹ́ 560,000. Ẹmu kò sì lè wọ́n ọn bí a bá fi iye igi wò ó. Adẹ́mu rẹ̀ ni ó já bọ́ láti orí ọ̀pẹ tí ó sì kú. Ó wá adẹ́mu mìíràn, kò rí ẹni tí ó lè dá a bí ó ti ń fẹ́ ẹ. Ẹ kò rí i pé ọ̀rọ̀ ọ̀mùtí kọ́ nìyí? Ọ̀mùtí a máa mu ohun tí ó bá rí. Ẹni tí ó lè rìn dé ọ̀run nítorí ọwọ́ ẹnì kan, tí ó ní àwọn ọwọ́ yòókù kò tó, ẹni tí ó mọ ìtọ́wò ni. Nígbà tí Kọ́lá Ògúnmọ́lá sọ ìwé náà di eré lédè Yorùbá ní Yunifásítì Ìbàdàn ní ọdún 1963, Ọ̀mùtí ni orúkọ tí ó bọ́ sí i, ẹ̀rín sì borí. Ọ̀rọ̀ ọwọ́ adẹ́mu náà sá sọnù sínú ẹ̀rín.

Ọwọ́ yìí ni ìyàtọ̀ ńlá tí mo rí láàárín àwọn Faransé àti àwa. Lọ́dọ̀ wọn, ilẹ̀ ni ó ni orúkọ. Òfin wọn ti ọdún 1935 so orúkọ wáìnì mọ́ ibi tí àjàrà rẹ̀ ti hù; ẹni tí ó ṣe é lè kú, kí ọmọ rẹ̀ tà á fún àlejò, kí orúkọ máa bá ilẹ̀ lọ. Ní abúlé wa, ẹnikẹ́ni kì í béèrè pé ọ̀pẹ ibo ni. Ẹmu ta ni? Ìbéèrè wọn nìyẹn. Bí a bá dárúkọ adẹ́mu tí a mọ̀, wọn a jókòó. Bí a bá dárúkọ ẹlòmíràn, wọn a ní àwọn ń lọ sílé. Ìwé ipò wà, ó wà lẹ́nu, àwọn tí ó ń jókòó sábẹ́ igi ní ìrọ̀lẹ́ ni ó sì ń tún un kọ lójoojúmọ́. Adẹ́mu tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti wúwo nítorí ọjọ́ orí a sọ̀kalẹ̀ nínú rẹ̀ kí ó tó sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀pẹ. Bí ó bá kú, orúkọ náà bá a lọ. Kò sí ilẹ̀ tí yóò gbé e dúró.

Ní ilẹ̀ Benin, níbi tí àwọn ènìyàn wa ti ń gbé ní Kétu, ní Sàkẹ́tẹ́ àti ní Pọbẹ̀, ọ̀nà méjèèjì pàdé lọ́nà àrà. Ìtàn tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ni pé ọmọ ogun kan tí ń jẹ́ Sodabi, ará agbègbè Àlàdá, lọ jà fún Faransé ní Ogun Àgbáyé Kìíní, ó sì kọ́ bí wọ́n ti ń fi iná sè wáìnì di ọtí líle níbẹ̀. Nígbà tí ó padà dé ilé, ẹmu ni ó gbé kaná. Ọtí náà ni wọ́n ń pè ní sodabi títí di òní. Ó dúró nínú ìgò, ó sì ní orúkọ. Àmọ́ orúkọ ẹni tí ó sè é ni. Adẹ́mu kò sí níbẹ̀.

Kí ni ó kù nísinsìnyí? Bíà Star jáde ní Èkó ní ọdún 1949, ilé ìpọntí wọn dé Ìbàdàn ní ọdún 1982, bíà inú ìgò sì rọrùn fún ẹni tí kò fẹ́ ronú: ti òní rí bí ti àná. Àwọn onímọ̀ ilé-iṣẹ́ ìwádìí ti Òṣòdì àti àwọn ti ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ tí ó wà nítòsí ìlú Benin ti rí ọ̀nà láti fi ooru pa ohun tí ń hó nínú ẹmu kí a lè rọ ọ́ sí ìgò. Ọ̀nà tí Louis Pasteur là sílẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ nípa àìsàn wáìnì Faransé ní ọdún 1866 náà ni. Mo ti mu irú rẹ̀. Kò burú, ó sì mọ́. Ṣùgbọ́n wákàtí rẹ̀ ti dúró sójú kan, nítorí náà kò sí ohun tí àgbà lè sọ nípa rẹ̀ ju pé ó dùn tàbí kò dùn. Àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ Kegite, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ní àwọn ọdún 1960, ti gbé ẹmu wọ ilé-ìwé gíga, a sì gbọ́dọ̀ kí wọn fún un. Orin ni wọ́n fẹ́ràn níbẹ̀, ìtọ́wò kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ wọ́n lógún.

Ọ̀pẹ fúnra rẹ̀ ń lọ. Láti Mọ́níyà, níbi tí ọkọ̀ ojú irin tuntun láti Èkó ti ń dúró láti ọdún 2021, títí dé Ẹgbẹ́dá lójú ọ̀nà Ifẹ̀, ilé ń gba ibi tí oko wà. Ọmọ abúlé kì í fẹ́ gun ọ̀pẹ mọ́. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń dá ẹmu fún wa lónìí wá láti ilẹ̀ Ùròbò, Ìsókó, Íbò àti Ìdomà. Ọwọ́ wọn dára, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ wọn sì wà ní èdè tiwọn. Adẹ́mu ń fi èdè kan rẹ́ òdòdó, amẹmu ń fi èdè mìíràn ṣe ìdájọ́, ohun tí wọ́n sì fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ láàárín kò ju dùn àti kan lọ. Mú, le, ki àti tẹ́ kò rí ẹni dá wọn lóhùn mọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe ìwádìí tòótọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí ní láti gbọ́ Ùròbò bí ó ti gbọ́ Yorùbá, mo sì lérò pé akẹ́kọ̀ọ́ kan nínú ẹ̀ka wa yóò dáwọ́ lé e kí àwọn àgbà tó kù tó tán.

Ní báyìí, lẹ́bàá ọ̀nà tí ó gba Ìyànà Ọ̀fà kọjá lọ sí Ìwó, a ṣì ń rí kẹ́ẹ̀gì aláwọ̀ ìyeyè lórí àga igi, pẹ̀lú ewé tí a fi dí ẹnu rẹ̀. Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa ń gbé e dé. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ti wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣú tán, tí àwọn ọlọ́kọ̀ láti ìgboro ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yà síbẹ̀ láti rà á, àwọn yẹn ti dìde, wọ́n ti lọ sílé.